Àpótí Ìṣákọ́lẹ̀

Ìwé ni ìyàwó mi ń ká láàárọ̀ ọjọ́ tí a lò papọ̀ kẹ́yìn. Ó ká a sí méjì, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi èékánná tẹ ojú ibi tó ti ká a, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ kan lára àpótí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti ọ̀dọ̀ káfíńtà. Lẹ́yìn náà ó jókòó lé e ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó yí ìdí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Àpótí náà ṣì ń mì.

"Bàbá wọn," ó ní, "ẹsẹ̀ kan kúrú."

"Mo ti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Gígùn wọn dọ́gba."

"Ó dọ́gba nínú ìwé. Ìdí tèmi ò mọ̀wé."

Ojú ìwé kan láti inú àbọ̀ ìwádìí mi ni ó ká sábẹ́ àpótí. Ó máa ń sọ pé bébà ìwádìí nípọn ju bébà ìwé ìròyìn lọ, àti pé ó dára kí ìmọ̀ máa gbé ènìyàn ró. Nígbà tí mo dìde láti lọ mú ayùn, ó dá mi dúró. "Ẹ má tún gé e o. Bí ẹ bá tún gé e báyìí, orí ẹní ni Bàbá máa jókòó sí lọ́dún yìí. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la." Ó wọlé lọ gún ata. Lọ́sàn-án, ó ní orí ń fọ́ òun, òun fẹ́ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Ọ̀la tí ó wí kò bá a láyé.

Bàbá tí ó ń sọ kì í ṣe bàbá tó bí èyíkéyìí nínú wa. Olórí ẹbí tó ni ilẹ̀ tí mo ti ṣe ìwádìí fún èyí tó pọ̀ jù nínú ìgbésí ayé mi ni. Kí ẹni tó ń kàwé yìí lè mọ ìdí tí àpótí kan fi gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí òjò tó rọ̀, mo ní láti padà sí ìgbà tí irun mi ṣì dúdú.

Mo rántí ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ilẹ̀ náà. Lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ láti Ìlá sí Òkè-Ìlá ni ó wà. Àwọn tó la títì ti gbẹ́ erùpẹ̀ ibẹ̀ lọ, wọ́n fi ihò pupa sílẹ̀ bí egbò tí kò ní èépá. Òjò ti la kòtò síbẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè wọ̀ ọ́ kí á má rí ìwo rẹ̀. Koríko pàápàá ń tijú láti hù níbẹ̀. Ọmọ Ìgbájọ ni mí, ọmọ Ìlá ni ìyàwó mi, èmi sì ni olùkọ́ tuntun nípa igbó àti igi ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, tí oyè ìwé wà lórí mi bí fìlà tó tóbi ju orí lọ. Ohun méjì ni mo fẹ́ wádìí: bí igi ṣe lè jí ilẹ̀ tó ti kú, àti ohun tí a lè fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe nígbà tí a bá dín àwọn igi kù kí ìyókù lè ráyè dàgbà. Nígbà náà, kò sí ohun tí irú igi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ju kí bíríkìlà fi gbé dẹ́kìn ró.

Mo tọrọ ilẹ̀ náà, Bàbá sì yá mi. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ gbìn. Mo dáhùn pé "irúgbìn ìwádìí" ni. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni mo tó mọ̀ pé ó rò pé irú àgbàdo tuntun kan ni.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a bá yá nílẹ̀ a máa gbin ohun tí kì í pẹ́ kú: àgbàdo, ẹ̀gẹ́, iṣu. Kì í gbin igi. Ẹni tó gbin igi sórí ilẹ̀ onílẹ̀ ti sọ láìlanu pé òun ò lọ mọ́. Bàbá tó bí mi ti kọ́ mi ní èyí kí n tó mọ ABD, ṣùgbọ́n ìwé ti tì í sẹ́yìn agbárí mi. Mo gbin àyúnrẹ́, nítorí ewé rẹ̀ àti gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fi agbára kún ilẹ̀, mo sì gbin tíìkì sáàárín rẹ̀. Ó wá ku ohun tí n ó fi sàmì sí igun oko. Mo fẹ́ ohun tí ikán ò ní jẹ, tí ọ̀dá ò ní pa. Mo ronú títí, mo gbin pèrègún.

Mo gbìn ín sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó wù mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ya fọ́tò rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn pèrègún náà fi wá kí mi nílé. Ọkùnrin méjì láti inú ẹbí náà ló gbé wọn wá, wọ́n ti fà wọ́n tu, wọ́n fi okùn dì wọ́n bí ìdì igi ìdáná, wọ́n gbé wọn kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Tíṣà, Bàbá ní ta ló ta ilẹ̀ fún yín?"

"Kò sẹ́ni tó tà á fún mi. Àmì lásán ni mo fi í ṣe."

"Àmì náà la rí. Òun gan-an la bá wá. Bàbá ní kí ọjà méjì má kọjá lórí àwọn igi yòókù tí ẹ gbìn. Ẹ wú wọn, tàbí kí á bá yín wú wọn."

Ìyàwó mi jáde, ẹ̀lùbọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ìdì pèrègún, ó wò mí. Nígbà tí àwọn ọkùnrin náà lọ tán, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. "Pèrègún! Ọmọ Ìgbájọ, ṣé kò sí pèrègún nílé yín ni? Ẹ yá ilẹ̀ onílẹ̀, ẹ fi pèrègún pààlà sí i, ẹ tún ya fọ́tò!" Èmi ò rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá wú àwọn igi yẹn, ìwádìí mi parí nìyẹn, ilẹ̀ náà yóò sì padà di egbò. Mo mú bébà tó ní òǹtẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, mo fẹ́ kọ lẹ́tà. Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Ó ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, òun ò gbọ́ ọ rí pé lẹ́tà yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, a bá Bàbá lórí awọ àgbò rẹ̀, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀. Ìyàwó mi kúnlẹ̀.

"Bàbá, ọkọ mi ṣẹ̀ yín. Kò mọ̀ọ́mọ̀. Igi ló ń wò, kò wo ilẹ̀. Ìwé ló gbé e lọ, ó ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀."

Mo rí i tí ẹ̀rín fẹ́ já bọ́ nínú irùngbọ̀n bàbá náà. Ó gbé e mì. "Igi rẹ̀ ń kọ́?"

"Igi yín ni, sà. Ẹni tó ni ilẹ̀ ló ni igi. Ẹ jẹ́ kí á máa bá yín tọ́jú u, kí á sì máa mú tẹ́ẹ́rẹ́ tí a bá dín. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, a ó gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, kí gbogbo ayé lè mọ onílẹ̀."

"Ìṣákọ́lẹ̀ wo? Kí ló ń hù níbẹ̀?"

"Ohun tó bá hù la ó gbé wá, Bàbá."

Ó yíjú sí mi. "Tíṣà, ṣé o gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ wí? Ọdún tí ìṣákọ́lẹ̀ bá fò, ọdún náà ni igi fò."

Mo ní mo gbọ́. Mo fẹ́ fi àlàyé díẹ̀ kún un nípa gbòǹgbò àyúnrẹ́, ìyàwó mi fi àtàǹpàkò tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, koríko nìkan ló hù. Ìyàwó mi gé e, ó dì í, mo rù ú lọ fún àgbò Bàbá. Bàbá rẹ́rìn-ín, àgbò jẹun. Lọ́dún kejì, ẹ̀ka àyúnrẹ́ fún igi ìdáná ni. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ sí i, olú hù lábẹ́ igi, ó kó o sínú igbá, ó fi ewé bò ó. Bàbá ṣí igbá náà, ó pa á dé, ó tún un ṣí. Ó ní kí á gbé òun lọ síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ gbá ewé gbígbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bu ilẹ̀ dúdú sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. "Alihamudulilahi," ó ní, "ilẹ̀ yìí ti ń mí." Mo ti kọ ojú ìwé tó pọ̀ nípa ilẹ̀ yẹn. Kò sí èyí tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, èmi ni mò ń ru ẹrù, ìyàwó mi ni ó ń sọ̀rọ̀. Èmi a dọ̀bálẹ̀, màá sì dákẹ́. Ìṣètò náà tẹ́ gbogbo wa lọ́rùn.

Nígbà tí tíìkì tó dín, iṣẹ́ àpótí bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo ń ya àwòrán, káfíńtà kan ní Ìlá ń kàn án. Àkọ́kọ́ wó mọ́ káfíńtà fúnra rẹ̀ nídìí. Èkejì ń fún ènìyàn nídìí. Gbogbo wọn ni mo gbé wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kí ìyàwó mi dán wọn wò, gbogbo wọn ló sì ń mì. Mo ń wọ̀n, mo ń gé. Mo gé ẹsẹ̀ ọ̀kan títí adìyẹ wa fi sọ ọ́ di ibùsùn. Káfíńtà ní tòun ni pé àpótí dúró nílé òun, òun ò mọ ohun tó ń ṣe é lọ́nà. Mo rò pé ó fẹ́ gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ni. Síbẹ̀, lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi ti ṣèlérí fún Bàbá: "Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ máa jókòó lé ohun tí ilẹ̀ yín so."

Ó wá lọ.

Àwọn ènìyàn wá, wọ́n lọ. Àwọn ọmọ padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn. Àpótí wà níbi tó fi í sí, pẹ̀lú ìwé lábẹ́ rẹ̀, mi ò sì lè fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti lọ, ìkùukùu sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ. Bàbá ti darúgbó gan-an, mo sì ti gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹbí ń fi ojú pulọ́ọ̀tì wo ilẹ̀ náà. Bí ọdún kan bá fò, ẹnu wọn yóò gba ọ̀rọ̀. Àgbàlagbà igi ni wọn ó kọ́kọ́ gé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àrá sán. Mo yọ ìwé lábẹ́ àpótí, mo fi í sápò, mo gbé àpótí léjìká, mo pe ọ̀kadà.

Ọlọ́kadà wo àpótí, ó wò mí. "Bàbá, ṣé ìjókòó tèmi ò tẹ́ yín lọ́rùn ni ẹ fi gbé tiyín dání?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò tí ì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí a ti sìnkú.

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá. Lẹ́yìn náà mo ń dúró kí ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rántí pé ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ kù sí. Mo ti to ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láti ilé, gbogbo rẹ̀ fò lọ.

"Bàbá, ohun tí ilẹ̀ yín so nìyí. Ó ń mì díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara mọ́ ọn."

Wọ́n ràn án lọ́wọ́, ó jókòó lé e. Ó yí ìdí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó wò mí. "Kí ló ń mì?"

"Àpótí ni, sà."

"Kò mì." Ó tún yí ìdí. Àpótí náà dúró gbọn-in lórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì rẹ̀. "Níbo lo ti ń dán an wò?"

"Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa."

"Ǹjẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín tẹ́jú?"

Mo wo ilẹ̀ lábẹ́ àpótí. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ó nu ojú. Mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín nìkan ló ń nù. "Ìyàwó rẹ ti sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ kìíní. Ó ní igi lo máa ń wò, o kì í wo ilẹ̀." Ó fọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí náà. Ó pe àwọn ọmọ ẹbí tó wà nítòsí, ó sì gbóhùn sókè kí wọ́n lè gbọ́: "Tọdún yìí ti wọlé o!"

Òjò bá mi lọ́nà. Nígbà tí mo délé, mo yọ ìwé náà lápò kí ó má bàa rẹ tán, ìgbà náà ni mo wo ojú ìwé tó jẹ́. Ojú ìwé tí mo ti fi ìṣọ́ra kọ bí ilẹ̀ pupa yẹn ṣe dagẹ̀rẹ̀ tó ni, kòtò dé kòtò.

Nígbà tí káfíńtà gbọ́, ó ní kí òun pe bíríkìlà wá fi sìmẹ́ńtì tẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Mo ní kí ó ní sùúrù. Mo gbé àpótí mìíràn síbẹ̀, sójú ibi tí ìyàwó mi máa ń jókòó sí. Mo ká ìwé náà sí méjì, mo ká a sí mẹ́rin, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́, mo sì tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.