Oògùn Kẹrin Ẹ̀gbọ́n Mi

Oníyìnyín ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, torí ọgbọ̀n ọdún ló fi ń tún fíríìjì ṣe. Bó bá ti fi àtẹ́lẹwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì báyìí, á ti mọ ohun tó ń ṣe é. Tara rẹ̀ ni kò mọ̀. Ọjọ́ tí òòyì kọ́ ọ níbi iṣẹ́ ni wọ́n tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tí dókítà obìnrin kan sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà: ọgọ́sàn-án lókè, àádọ́fà nísàlẹ̀.

Oògùn àkọ́kọ́ kó ikọ́ gbígbẹ bá a. Ó ń wúkọ́ lẹ́yìn fíríìjì oníbàárà títí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan fi ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde nílé òun. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ lọ bá obìnrin náà wọ̀yá ìjà. Ìkejì mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà kò gbà á mọ́, sálúbàtà rọ́bà ló ń wọ́ kiri. Mo ní, "Bọ̀dá, àbí ẹ ti lóyún ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ìkẹta, ìtọ̀ ṣáá ni. Ojú ń tì í láti máa bèèrè ilé ìtọ̀ nílé onílé.

Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi wá èyí tó bá ara rẹ̀ mu. Ìkẹrin ló gbà: ọgọ́fà lórí ọgọ́rin. Dókítà ní, "Bàbá, òun nìyí. Ojoojúmọ́ ni o. Ẹ má dá a dúró, bó bá tiẹ̀ ń ṣe yín bíi pé ẹ ti gbádùn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ti gbọ́.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, mo lọ yá òòlù nínú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Páálí mẹ́ta oògùn kẹrin náà ni mo bá nísàlẹ̀, kò ṣí ọ̀kankan.

"Bọ̀dá, kí lèyí?"

Ó wẹ̀yìn wò bóyá ìyàwó rẹ̀ wà nítòsí. "Má pariwo. Téèyàn bá ń rọ gáàsì sí fíríìjì, tí géèjì bá ti sọ pé ó tó, kí ló kù?"

"Èmi kọ́ ni mo ń tún fíríìjì ṣe."

"Kó yọ géèjì, kó dé e pa ni. Tó bá tún ń rọ ọ́ sí i, á ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ mi ti dúró síbi tó yẹ. Kí ni mo tún ń kó oògùn jẹ sí?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ara rẹ̀ ń dán, ó ń jẹun dáadáa. Ó ní kí n má sọ fún ìyàwó wa, tó ń bi í láràárọ̀ bóyá ó ti lo oògùn. Mo mú òòlù mi, mo sì pa àpótí dé.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló ṣubú lulẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan, lọ́sàn-án gangan. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹnu wọ́, ọ̀rọ̀ kò jáde mọ́. Nílé ìwòsàn, dókítà bi wá bóyá ó ń lo oògùn rẹ̀. Ìyàwó wa búra pé kò pa ọjọ́ kan jẹ. Dókítà mirí, ó ní a jẹ́ pé ìkẹrin náà kò gbà nìyẹn, ó sì kọ òmíràn. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi ọwọ́ òsì lu ibùsùn, ojú rẹ̀ lára mi.

"Ó jọ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́," ni ìyàwó wa wí.

Mo lọ bu omi wá. Ẹ̀rù bà mí, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ kẹrin ni mo tó gbé àpótí irinṣẹ́ náà lọ sórí tábìlì dókítà. Ìyàwó wa wo páálí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wò mí.

"Àǹtí, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀."

Wọ́n dá a padà sórí ìkẹrin. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti padà sí ọgọ́fà lórí ọgọ́rin, ọwọ́ rẹ̀ ni kò padà. Ìyàwó wa kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan oògùn náà. Òun ló ń fún un láràárọ̀. Á ní kó lanu kí òun rí i pé ó ti gbé e mì, lẹ́yìn náà á kọjú sí mi, á ní, "Àǹtí, ẹ ti rí i báyìí o."

Màá ní mo ti rí i.