Ikọ́ Tí Ìyé Gbé Wá Wẹ Ọmọ

Òru kejì tí Ìyé, ìyá mi, dé láti Iyah-Gbede ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ náà. Ó wá wẹ ọmọ ni. Àkọ́bí mi kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọkọ mi ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja, ilé wa ní Kabba sì ku èmi, ọmọ àti Ìyé. Orí ẹní ni òun àti ọmọ ń sùn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ikọ́ náà kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀ nínú. Gbígbẹ ni, bí ìgbà tí eegun ẹja há sí èèyàn lọ́fun. Á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀ ní kété tí oorun bá fẹ́ gbé mi lọ.

"Ọ̀kun o, ọma mi," ó kí mi lówùúrọ̀. "Ọyẹ́ yìí ni. Mi ò jẹ́ kí o sùn."

Ọyẹ́ ọdún náà le lóòótọ́, ètè gbogbo wa ló là. Mo po iyọ̀ mọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó ń fi fọ ọ̀fun. Mo ra oyin lọ́wọ́ obìnrin ará Amuro kan, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mo fi òrí pa á láyà. Orógbó kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Mo tilẹ̀ gbé abọ́ omi sí igun yàrá, nítorí ẹnì kan ní afẹ́fẹ́ gbígbẹ ló fa gbogbo wàhálà yìí. Oyin yẹn máa ń fún wa ní nǹkan bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ikọ́ tún dé.

N kò ní sùúrù, kí n má parọ́. Ikọ́ jí, ọmọ jí, èmi náà jí. Lóru ọjọ́ kan mo sọ ọ́ sínú ìrọ̀rí pé kí Ọlọ́run gba ikọ́ yìí, tàbí kí ó gba etí mi.

Ìbínú nìyẹn o. Ẹ̀rù kò tíì bà mí títí di àárọ̀ tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò pé ikọ́ tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí oníkọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò, nítorí ó lè jẹ́ ikọ́ ife. Mo ka ọjọ́. Ó ti pé ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Mo wo orí ẹní: Ìyé fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ọmọ mi wà láyà rẹ̀, imú ọmọ kọjú sí ẹnu ìyá àgbà. Ikọ́ ife ló pa àbúrò bàbá mi nígbà tí mo wà ní kékeré, mo sì rántí bí eegun èjìká rẹ̀ ṣe yọ.

Báwo lèèyàn ṣe ń sọ fún ìyá tó bí i pé kó má gbé ọmọ òun? N kò mọ̀ ọ́n sọ, mo bá parọ́. Mo ní nọ́ọ̀sì ní kí ọmọ máa sùn lọ́dọ̀ mi lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Nọ́ọ̀sì ló wí bẹ́ẹ̀?" Ìyé wò mí díẹ̀. "Ó dáa."

Lọ́jọ́ kejì mo jí ṣáájú rẹ̀, mo ti ń wẹ ọmọ kí ó tó parí àdúrà. Mo wẹ̀ ẹ́ ní ìwẹ̀kuwẹ̀. Ọṣẹ kó sí i lójú, ó ké débi pé àwọn ará ilé kejì béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan. N kò wo ibẹ̀.

Lóru ọjọ́ kẹta mo ta jí, n kò gbọ́ ikọ́ kankan. Ìyẹn tilẹ̀ dẹ́rù bà mí ju ikọ́ lọ. Mo wo ilẹ̀, kò sí ẹní. Ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé ni mo ti bá a, ó fi gèlè di imú àti ẹnu. Ó ti ya ife kan àti àwo kan sọ́tọ̀ sórí àpótí fún ara rẹ̀.

"Ìyé, kí lẹ ń ṣe níbí?"

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ titun wọ́," ó wí, ó rẹ́rìn-ín. "Rédíò tí o gbọ́, èmi náà gbọ́ ọ."

Ojú tì mí gidigidi. Ojú ń tì mí, síbẹ̀ n kò ní kí ó padà sí yàrá. Títí di òní n kò tíì dárí ìyẹn ji ara mi.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a lọ sí ọsibítù. Òun ló ní ká gba ọ̀kadà méjì, kí òun má baà jókòó ti ọmọ. Wọ́n fún un ní ike kékeré kan pé kí ó wú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sí i. Ó wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ike ṣì gbẹ. "Ohun tí n kò ní ni wọ́n ní kí n mú wá," ó wí fún mi láti ìjìnnà. Wọ́n ní kí ó gbìyànjú lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìgbà náà ló tó rí díẹ̀ wú.

Nọ́ọ̀sì ló wá bi í pé, "Màmá, oògùn wo lẹ ń lò?"

Ìyé tú etí ìró rẹ̀, ó mú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru jáde, èyí tí wọ́n kọ fún un nígbà tí wọ́n ń wa iṣu. Nọ́ọ̀sì yí páálí rẹ̀ síwá sẹ́yìn, ó gbé e lọ bá dókítà. Dókítà ní irú oògùn yẹn máa ń mú kí ọ̀fun àwọn kan gbẹ, kí wọ́n máa wúkọ́ lóru. Ó pààrọ̀ rẹ̀ fún un, ó ní kí a ṣì dúró de àyẹ̀wò. Èmi gan-an ni mo máa ń pè é lórí fóònù lálaalẹ́ pé kó má gbàgbé oògùn.

Ọjọ́ kẹrin ni èsì jáde. Kò sí ikọ́ ife. Mo sáré wọlé, mo gbé ọmọ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó kó ọwọ́ sẹ́yìn.

"Kí ikọ́ náà lọ tán ná."

Dókítà ti ní ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó padà sí yàrá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ló tẹ́ ẹní sí.

Lóru ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ náà, imú ọmọ dí. Kò lè mí, kò lè mu ọmú, ó ń jà lọ́wọ́ mi. Mo pariwo. Ìyé ti dé ọ̀dọ̀ mi kí n tó pe orúkọ ẹnikẹ́ni, ó ti tú gèlè ẹnu rẹ̀. Ó gba ọmọ, ó gbé ẹnu lọ sí imú rẹ̀ láti fa ikun náà, bí ó ti ṣe fún gbogbo àwa ọmọ tó bí. Ló bá dúró. Ó gbójú sókè wò mí.

"Ṣé kí n fà á?"

Ìyá mi kò tọrọ àyè lọ́wọ́ mi rí láyé mi. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyé, ẹ fà á."

Ó fà á, ó tu ú dànù, ọmọ mí kanlẹ̀. Ó gbé e padà fún mi kíákíá, bí ẹni dá ohun olóhun padà, ó sì lọ sùn. Mo gbé ọmọ tẹ̀lé e, mo tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Kò kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.

"Má lọ o," ó wí. "Jókòó, kí o máa wò mí."

Mo jókòó tì wọ́n, ìgbà náà ló tó fa ọmọ mọ́ra. Mo ń sunkún, òun sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.