Kápẹ́ńtà Tó Kọ́ Ilé Ooru Wa

Òórùn pákó àfàrà tí iná ti mú gbóná, tí omi sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn, ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn bí ó bá gba ẹ̀yìnkùlé wa wọlé ní Ìpotì. Kò jọ òórùn ilé ìdáná, kò sì jọ ti ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Ó dà bí ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ sára ilé àtijọ́, àfi pé èyí gbóná. Àwọn aládùúgbò wa ń fi èdè Èkìtì pè é ní ulé ooru. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé afẹ́ ni a fi kọ́ ọ, pé owó ìlú òyìnbó ló ń gùn wá. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà kan, nítorí náà n kò lè bá wọn wí.

Ọmọbìnrin wa àgbà, tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Finland, ló ní kí a wá lo oṣù méjì lọ́dọ̀ òun lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ọkọ mi ti ṣe ọ̀gá ilé-ìwé gírámà káàkiri agbègbè Ìjerò títí dé Àrámọkọ, orúnkún rẹ̀ kan sì ti ń dùn ún látọjọ́ pípẹ́. Ilé pákó kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ọmọ wa tí wọ́n ń pè ní sáúnà. Wọ́n á dá iná sínú àdògán irin, wọ́n á to òkúta lé e lórí. Bí òkúta bá gbóná tán, wọ́n á bu omi lù ú, ooru á sì bo gbogbo inú ilé. Èmi ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí mo fi sá jáde. Ọkọ mi jókòó síbẹ̀ ní tirẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, mo sì rò pé ooru ló fà á. Ó ní orúnkún òun fúyẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó tún wọlé. Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn títí a fi padà wálé.

Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí a dé tó ní òun fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sẹ́yìnkùlé. Ọmọ wa fi oríṣiríṣi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù: èyí tó rí roboto bí àgbá, tí wọ́n á fi ọkọ̀ ojú omi kó wá, tí a ó kàn tò pọ̀, èyí tí iná mànàmáná ń mú gbóná. Mo rẹ́rìn-ín. Iná tí kì í dúró kí a fi lọ aṣọ kan tán, ṣé òun la fẹ́ fi yan òkúta? Ọkọ mi ní iná igi ni òun fẹ́, ọwọ́ ọmọ Èkìtì ni yóò sì kọ́ ọ. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ nígbà tí mo dárúkọ kápẹ́ńtà àdúgbò wa, ó mi orí. Ó ní ti Odò-Ọwà ni òun fẹ́.

Ẹnu yà mí. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà láàárín wọn. Kápẹ́ńtà yìí ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ ọkọ mi rí. Ó ku ọdún kan kó ṣe ìdánwò àṣekágbá nígbà tí agogo ọwọ́ olùkọ́ kan sọnù. Òun ló gbá yàrá àwọn olùkọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun ni wọ́n sì mú. Ọkọ mi lé e kúrò nílé-ìwé lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, níbi àpéjọ òwúrọ̀. Wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ kápẹ́ńtà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn ará Ẹ̀fọ̀n ń wá a wá. Láti ìgbà náà, bí a bá pàdé níbi òkú tàbí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, yóò kí wa, yóò sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Mo bá ọkọ mi lọ. Kápẹ́ńtà náà ń fá pákó níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ewú ti wà lórí rẹ̀. Ó kí wa dáadáa, ṣùgbọ́n kò fi àga lọ̀ wá. Ọkọ mi sọ ohun tó gbé wa wá.

"Ṣé kò sí kápẹ́ńtà ní Ìpotì ni, sà?"

"Wọ́n wà," ni ọkọ mi dáhùn. "Ìwọ ni mo fẹ́ kó bá mi kọ́ ọ."

Ó fá pákó náà tán kó tó gbójú sókè. "Ẹ jẹ́ kí n rí àwòrán rẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe iṣẹ́ náà. Kì í gba oúnjẹ lọ́wọ́ mi, omi nìkan ló máa ń mu. Síbẹ̀, ó ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni pé òun ni yóò máa lò ó. Ìrókò ni ọkọ mi kọ́kọ́ fẹ́. Ó ní, "Igi tó bá wúwo báyẹn á gba ooru sára, sà, á sì jó yín nídìí. Àfàrà ló dáa." Ó ri orí gbogbo ìṣó wọ inú pákó kí irin má bàa fi àpá sí wa lára. Ó ṣe ilẹ̀kùn tó ń ṣí síta, tí kò ní kọ́kọ́rọ́, nítorí ó ní ẹni tó bá ń dákú kò lè wá kọ́kọ́rọ́. Wẹ́dà kan fi àgbá irin ṣe àdògán fún wa. Òkúta ló wá kù.

Odò ni ọkọ mi ti ní kí wọ́n ṣa òkúta wá, àwọn tó ń dán, tó rẹwà lójú. Kápẹ́ńtà wò wọ́n, ó ní, "Òkúta odò ti mu omi, sà. Iná ò ní gbà fún un." Ọkọ mi dáhùn pé sáyẹ́ǹsì ni òun fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ. A dá iná. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ mọ́ àdògán láti wò ó, bẹ́ẹ̀ ni òkúta kan bú gbàù! Kí òmíràn tó bú, kápẹ́ńtà ti fà á ní apá jáde. Ègé òkúta ti há sára pákó níbi tí orí ọkọ mi wà tẹ́lẹ̀. Ọkọ mi yíjú sí kápẹ́ńtà.

"O sọ fún mi," ló wí. "Mi ò gbọ́."

Kápẹ́ńtà wò ó lójú pẹ́. Mo rò pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé àpò òkúta dúdú líle kan wá lórí ọ̀kadà, láti òkè lọ́nà Ẹ̀fọ̀n. A kò rán an.

Ọ̀sán Sátidé kan, nínú ọyẹ́, la wá dá iná rẹ̀ gan-an. Ọkọ mi ní ẹni tó kọ́ ilé ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Àwọn méjèèjì wọlé. Èmi dúró lóde pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tútù, nítorí dókítà ti ní kí ọkọ mi má pẹ́ níbẹ̀. Mo gbọ́ tí omi kan òkúta. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohùn ọkọ mi.

"Agogo yẹn, wọ́n rí i. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí o lọ. Ìsàlẹ̀ báàgì olùkọ́ náà ló wà. Ó wá sọ fún mi ní ọ́fíìsì, èmi ni mo sì ní kó pa ọ̀rọ̀ náà mọ́."

"Ẹ ti mọ̀ látìgbà yẹn, sà?"

"Mo mọ̀."

Ilẹ̀kùn ṣí. Kápẹ́ńtà jáde, òógùn ń ṣàn lára rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì lé e bẹ́ẹ̀, ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní fàráńdà wa.

Mo bínú sí ọkọ mi lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè sọ fún ọ lọ. Ó ní ojú ló ti òun. Ó ń bẹ̀rù pé ọ̀gá tó bá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé kò ní lè ṣe ọ̀gá mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan ni mo ń bínú sí. Níbi òkú kan ní Ayétòrò, kápẹ́ńtà yìí ti jókòó nítòsí mi rí, mo sì rọra gbé báàgì mi kúrò nílẹ̀ sórí itan. Ó rí mi. Ojú tó fi wò mí lọ́jọ́ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa mọ́.

Ọkọ mi fẹ́ kó irinṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó fi í sílẹ̀, ẹni tó ni ín á wá. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, kápẹ́ńtà dé pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Kò wo ọ̀nà irinṣẹ́ rẹ̀.

"Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ, sà," ló wí. "Ṣùgbọ́n èmi mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé n kò mú un. Màmá mi ni kò mọ̀."

A tẹ̀ lé e lọ sí Odò-Ọwà. Ìyá arúgbó náà jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pa ẹ̀gúsí sínú ọpọ́n. Ọkọ mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ǹtì, tòun ti orúnkún rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Màmá náà gbé ọpọ́n sílẹ̀. Ó ní, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Mo nà án. Ó ń sunkún pé òun kọ́, mo sì ń nà án. Mo ní ọ̀gá ilé-ìwé ò lè purọ́ mọ́ ọmọ."

Kò wo ọkọ mi rárá. Ọmọ rẹ̀ ló yíjú sí, ó fi oríkì rẹ̀ pè é, ó ní, "Má bínú sí mi." Ọkùnrin tó ti hewú náà kúnlẹ̀, ó sì gbé orí lé itan ìyá rẹ̀. Èmi yíjú sí ibòmíràn. Nígbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi gbé ọkọ mi dìde, nítorí agbára mi nìkan kò ká a.

Ó wá kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì, ó sì jẹun nílé wa. N kò ní purọ́ fún ọ pé wọ́n di kòríkòsùn. Ọ̀rọ̀ àárín wọn kò pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá mú, ó máa ń gbé màmá rẹ̀ wá kí ó wá fi ara gba ooru, èmi ni mo sì máa ń bá a jókòó, nítòsí ẹnu ọ̀nà, níbi tí ooru kò ti le jù.

Mo bi ọkọ mi lẹ́ẹ̀kan pé ṣé kò lè sọ òtítọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, láìkọ́ ilé kankan. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni òun ti gbéra lọ sí Odò-Ọwà rí tí òun sì padà láàárín ọ̀nà. Ó ní òun nílò iṣẹ́ tí òun yóò bẹ̀ ẹ́ sí, kí òun tó lè dúró níwájú rẹ̀. N kò mọ̀ bóyá kí n dá a lẹ́bi tàbí kí n káàánú rẹ̀. Mo ṣe méjèèjì. Òtítọ́ tó pẹ́ bẹ́ẹ̀ kò dá ìwé tí ọkùnrin yẹn ìbá kà padà fún un, kò sì pa ẹgba tó jẹ rẹ́. Èmi pẹ̀lú ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí báàgì yẹn. Ó ní òun ti gbàgbé. Mo mọ̀ pé kò gbàgbé, ó kàn ṣàánú mi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí màmá rẹ̀ papòdà lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọmọ rẹ̀ ń rìn tẹ̀ lé pósí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn fún un, èrò kan ló wà lọ́kàn mi, ó sì tù mí nínú: ìyá yìí mọ irú ọmọ tí òun bí kó tó lọ.