Abẹ́rẹ́ Itan Ọmọ Mi

Ọwọ́ mi yìí, bí mo bá fi gbá ọkùnrin létí, á wá ilẹ̀ jókòó sí. Òun náà ni mo fi ń gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n gún tó mi ní gbogbo Ẹgbẹ́dá. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà o.

Ọmọbìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́fà. Àìsàn egungun àbímọ́ni ni kì í jẹ́ kí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Àwọn dókítà kan n'Ìbàdàn ń fi oògùn ṣe ìwádìí lára irú wọn: abẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, fún ọdún pípẹ́. Bí a bá ń pa ọjọ́ jẹ, wọn yóò yọ ọmọ kúrò nínú ìwádìí náà. Orí ẹsẹ̀ mi ló máa ń jókòó sí, á na itan, kò ní mira.

Lọ́jọ́ kan, nọ́ọ̀sì wọn wá sílé wa l'Ólódò. Ó wọn ọmọ ní ìdúró, ó tún tẹ́ ẹ sórí pákó, ó wọ̀n ọ́n látorí dé gìgísẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

"Òkú ni wọ́n ń wọ̀n ní ìdùbúlẹ̀! Pósí ta lẹ fẹ́ kàn?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ga bí òpó iná, kí lẹ fi gíga ṣe láyé?"

Nọ́ọ̀sì náà bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo ti oko dé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi níbi tí wọ́n ti ń fi bàtà tẹ ìgò oògùn ọmọ mi fọ́.

"Mo gba ọmọ rẹ là ni."

Ẹ̀ṣẹ́ mi àkọ́kọ́, eyín wọn méjì bọ́. Wọ́n fi ọmọ odó fọ́ mi léjìká, mo gbá ọrùn wọn mú, mo ń gbá orí wọn mọ́ ògiri. "Ìwọ! Ìwọ!" Mi ò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Ọkùnrin mẹ́ta so mọ́ mi lẹ́yìn, mi ò mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Igbe ọmọ ló dá mi dúró. Ó ti ń wò wá látìbẹ̀rẹ̀.

Mo gun ọ̀kadà lọ sọ́sibítù pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ láṣọ. Èmi tí kì í bẹ èèyàn, mo bẹ àwọn dókítà. Wọ́n fún wa ní ìgò oògùn mìíràn.

Mo délé, mo fọṣẹ fọwọ́, mo fa oògùn, mo pe ọmọ. Ó tọ̀ sára níbi tó dúró sí.

"Bàbá, ẹ má lù mí."

Ìyá rẹ̀ nawọ́ gba abẹ́rẹ́. "Kọ́ mi."

Mo kọ́ ọ. Bó ṣe ń gún un kò dáa tó tèmi, ibẹ̀ máa ń wú díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í mira. Àárọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń jáde síta, kí ìyá rẹ̀ lè rí i gún.