Ọjọ́ Tí Alfa Ní Fáàfù Ti Dákẹ́

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo jókòó lé páìpù kan títí gbogbo ìlú Kàdúná fi dẹ́kun mímì. Páìpù ọ̀hún gbọ̀n mí débi pé eyín mi méjì fò jáde, wọ́n balẹ̀ sínú ife tíì ẹnìkan ní àdúgbò Television. Ọkùnrin náà ṣe bí ṣúgà ni, ó fi ṣíbí rò wọ́n, ó gbé e mu.

Ilé iṣẹ́ òróró ni, ìgbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn. Omi gbígbóná àti ooru rẹ̀ jọ ń gba inú páìpù kan, fáàfù kan wà lórí rẹ̀ tó ń díwọ̀n ohun tó ń kọjá. Fáàfù yìí ló ya wèrè. Ó ń jó, ó ń ké.

Èmi àti ará Ìlọrin kan la jọ ń ṣe fítà, àwa là ń to páìpù, tí à ń tún un ṣe. Alfa ni gbogbo wa ń pè é, torí ó ní ilé kéwú ní àdúgbò Mahuta. Bí ọmọ bá ṣi ohùn fà, Alfa á ti gbọ́ ọ láti ìdí àlùwàlá. Ohun tó ń retí ò ju kó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn àwẹ̀, kó gbájú mọ́ àwọn ọmọ kéwú rẹ̀.

A di gbogbo nọ́ọ̀tì fáàfù yẹn le, a fi irin tì í nídìí. Pàbó. Ẹnjiníà wa, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, ní, “Haba, Bàbá, nọ́ọ̀tì kọ́. Bí omi yẹn bá ti fún ara rẹ̀ kọjá, ó ń di ooru, òun ló ń lu irin. Ẹ jẹ́ ká wá ibi tí a lè ṣí i dé tí kò ní í mì, kí tuntun tó dé.”

Ló bá ń ṣí i díẹ̀díẹ̀. Alfa fi ọ̀pá irin ti fáàfù, ó fi orí kejì ti etí láti gbọ́ ohùn inú rẹ̀, bí a ti máa ń ṣe. Ìbotí tí wọ́n fún un kí ariwo má ba á létí jẹ́, ọrùn ló fi kọ́.

Ẹnjiníà ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo etí yín.”

Alfa nawọ́ sí mi. “Èyí tí kì í gbọ́ nǹkan kan ni kẹ́ ẹ bo tiẹ̀.”

Ọjọ́ púpọ̀ la fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ọwọ́ sókè: “Alhamdulillahi! Ó ti dákẹ́!”

Mo fọwọ́ kan páìpù. Ó gbọ̀n mí dé èjìká. Fáàfù ń ké bí ewúrẹ́ tí ilẹ̀kùn há mọ́. Ẹnjiníà wò mí, èmi náà wò ó.

“Ẹ ò bá mi dúpẹ́ ni?”

Mo pariwo sí i létí: “Alfa, ṣé ò ń gbọ́ mi?”

Ẹnu mi ló ń wò. Ó ní kí ló dé tí mò ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Fáàfù tuntun dé, ó pa rọ́rọ́. Alfa ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti lọ sílé. Mo lọ kí i ní Mahuta, àwọn ọmọ ń kéwú. Ọ̀kan ṣì í kà, Alfa na ìka sí i lójú ẹsẹ̀, ó tún un ṣe, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi.

Níbí yìí ni mo ti parọ́: Alfa ò tún nǹkan kan ṣe. Lóòótọ́ ni ọmọ náà ṣì í kà, àwọn yòókù sì bú sẹ́rìn-ín. Alfa rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá wọn rín in.