Ọjọ́ Tí Ìjọba Bi Wá Léèrè Nípa Màlúù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun kan tó ṣojú mi ní Ajégúnlẹ̀ nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́. Ó ti pẹ́ gan-an, àmọ́ tí mo bá rántí ẹ̀, orí mi ṣì máa ń wú.

Sójà ló ń ṣèjọba nígbà yẹn. Ogun ti parí, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún, tí àwọn dírẹ́bà ń bú ara wọn lójoojúmọ́. Èmi àti ọkọ mi, Bàbá Kàmọ́rù, ń ta màlúù ní ọgbà kan lẹ́bàá Creek Road. Ìṣẹ́yìn làwọn òbí wa ti wá, àmọ́ Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí èmi sí. Sunday, ọmọ Ùròbò tá a jọ dàgbà ládùúgbò, ló ń fi lọ́rì kó ẹran wá fún wa láti òkè Ọya. Tí ẹran bá dé, Bàbá Alápatà, olórí àwọn alápatà, á wá yan èyí tó bá wù ú. Ibẹ̀ la ti ń jẹun.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tò kánsù gba àdúgbò wa kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí ẹ̀. Wọ́n ní ìjọba fẹ́ ṣòfin lórí bá a ṣe ń kó ẹran ọ̀sìn, bá a ṣe ń so ó mọ́lẹ̀, àti bá a ṣe ń tọ́jú ẹ̀ ká tó pa á. Wọ́n ní kí gbogbo ará ìlú wá sí gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Sátidé, kí kálukú wá sọ tinú ẹ̀.

Ẹ gbọ́ o. Ìjọba sójà ń béèrè tinú wa! Àwa tó jẹ́ pé tí mọ́tò sójà bá fọn fèrè lẹ́yìn wa, inú gọ́tà là ń bẹ́ sí?

Àwọn ọkùnrin ọjà wa ò gbà á gbọ́. Bàbá Alápatà ní pàkúté ni. Wọ́n ti gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé òfin náà máa gbẹ́sẹ̀ lé lọ́rì èyíkéyìí tí wọ́n bá bá ẹran tí wọ́n so nínú ẹ̀, àti pé wọ́n lè ti ọgbà wa pa. Tí wọ́n bá tì í, kí la máa fi bọ́ ọmọ? Ni wọ́n bá fẹnu kò pé Bàbá Alápatà nìkan ló máa sọ̀rọ̀, ohun kan ṣoṣo ló sì máa sọ: a ò fẹ́. Wọ́n ní àwa obìnrin lè wá, ká jókòó, ká máa pàtẹ́wọ́. Lójú ọ̀nà, ọkọ mi rọra bẹ̀ mí pé kí n jọ̀ọ́, kí n pa ẹnu mi mọ́, torí ó mọ̀ mí. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti gbọ́.

Gbọ̀ngàn kún dẹ́nu ọ̀nà. Alápatà, dírẹ́bà, àwọn tó ń sin adìyẹ, àwọn ìyàwó ilé tó kàn fẹ́ wòran. Ẹni tí kánsù rán wá ni dókítà ẹranko kan, ọkùnrin tín-ín-rín tó wọ awò, tí Yorùbá ẹ̀ ń dún bíi ti Ìjẹ̀bú. Ó ka ohun tí wọ́n ń gbèrò, títí kan pé kí dírẹ́bà máa dúró lójú ọ̀nà fún ẹran lómi, akọ̀wé ẹ̀ sì ń sọ ọ́ ní pijin fún àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá.

Bàbá Alápatà dìde. Ó ní Ọlọ́run ló dá ẹran fún jíjẹ. Ó wá béèrè pé, "Ṣé ohun tá a fẹ́ jẹ la tún máa tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹ̀?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Dókítà ò bínú. Ó kàn béèrè ìgbà tí lọ́rì dé gbẹ̀yìn. Sunday dáhùn láti ẹ̀yìn pé tòun ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, wọn ò tíì já ẹrù ẹ̀. Dókítà ní ó dáa, kí gbogbo wa jọ lọ wò ó, ká padà wá máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ.

Bí gbogbo ìpàdé ṣe tú jáde nìyẹn, tá a ń rọ́ lọ sí Creek Road bí ẹni tó ń lọ síbi ìsìnkú.

Wọ́n ṣí ẹ̀yìn lọ́rì. Àwọn màlúù ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, itọ́ ti gbẹ mọ́ wọn lẹ́nu. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, àmọ́ lọ́jọ́ yẹn tí gbogbo ìlú ń wò ó, ó jọ pé mi ò rí i rí. Abo funfun kan ló kù ní ìsàlẹ̀ lọ́rì, kò lè dìde, ojú ẹ̀ ń yí. Bàbá Alápatà ní kí wọ́n tètè mú ọ̀bẹ wá, torí tó bá kú kí ọ̀bẹ tó kàn án, òkú ǹbete ni, Mùsùlùmí kankan ò ní jẹ ẹ́. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ dókítà ti gorí lọ́rì. Ó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ikùn ẹran náà.

Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀bẹ yẹn sílẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń kú. Ó ń rọbí ni."

Gbogbo wa rọ́ sún mọ́ lọ́rì.

Dókítà ní ọmọ náà há, òun nílò omi, okùn, àti ẹni tó lágbára tó máa di orí ìyá ẹ̀ mú. Ta lẹ rò pé ó gorí lọ́rì? Bàbá Alápatà! Àgbà ọkùnrin tó ń dá màlúù dùbúlẹ̀ láràárọ̀ kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́, ó gbé orí màlúù náà lé itan, ó ń sọ fún un jẹ́jẹ́ pé, "Rọra, rọra." Ọkọ mi àti Sunday ń bá dókítà fa okùn. Àwa obìnrin ń gbé omi láti ọwọ́ dé ọwọ́. Àwọn lébìrà tó ń bọ̀ láti wọ́ọ̀fù, níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, dúró sójú títì, wọ́n ṣí fìlà.

Ẹsẹ̀ kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà orí. Ọmọ náà já bọ́, kò mira. Dókítà nu imú ẹ̀, ó ń fi àpò gbo ó lára, ó ń gbo ó. Ni ọmọ màlúù náà bá sín.

Mo gbọ́ tí Bàbá Alápatà ní "Súbúhánàllá," ohùn ẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Ìyá màlúù yí ọrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lá ọmọ ẹ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, láti kékeré ni mo ti wà láàárín màlúù, àmọ́ ẹran tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀nà ikú ló wà. Mi ò rí i rí kí ìyè ti inú lọ́rì jáde. Omi bọ́ lójú mi.

Nígbà tá a padà sí gbọ̀ngàn, ohùn gbogbo èèyàn ti wálẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Sunday dìde, ó ní, "Oga doctor, I don hear you. But from Jebba reach here, water no dey road for cow. Where I go stop?"

Akọ̀wé tún un sọ ní Yorùbá pé láti Jebba dé ọ̀dọ̀ wa, kò síbi tí màlúù ti lè mu omi, ibo wá ni kí Sunday dúró sí?

Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo rò pé ọkọ mi máa fà mí láṣọ ni, àmọ́ ńṣe ló ká ẹsẹ̀ ẹ̀ kò kí n lè ráyè kọjá. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ́ kí òfin bẹ̀rẹ̀ lórí dírẹ́bà. Ẹ kọ́kọ́ ṣe omi síbi tí ẹran ń sọ̀, kẹ́ ẹ tó mú ẹni tí kò bá fún un lómi. Abo tó bá sì ti lóyún, kí ẹnikẹ́ni má gbé e sínú lọ́rì."

Dókítà ní kí n tún un sọ kí akọ̀wé lè kọ ọ́. Mo wojú Bàbá Alápatà, mo ń retí ìbáwí. Ó dìde, ó ní, "Ẹnu gbogbo wa ni ọmọ yìí fi sọ̀rọ̀."

Oṣù mélòó kan kọjá kí wọ́n tó tún pè wá. Wọ́n ka òfin náà síta. Wọ́n ti yọ gbígbẹ́sẹ̀ lé lọ́rì kúrò. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà ju agbára kánsù lọ, àmọ́ àwọn máa ṣe ọpọ́n omi sí ọgbà Creek Road. Ó wá kan ọ̀rọ̀ abo tó lóyún. Bí mo ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni wọ́n kà á! Orí mi wú. Mo wò yíká, kò sẹ́ni tó ń wò mí, torí òfin kì í dárúkọ ẹni tó sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu jù: ọ̀rọ̀ tó ti ẹnu mi jáde ti di ti gbogbo ìlú.

Ṣé gbogbo èèyàn ló pa òfin náà mọ́? Rárá o. Àmọ́ wọ́n ṣe ọpọ́n omi náà, ojú mi sì rí ọ̀pọ̀ ẹran tó mu níbẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ ni pé tí wọ́n bá pe ìpàdé, ká lọ, ká má sì fi ìpinnu ilé dí etí wa. Ohun tá a bá débẹ̀ rí lè yí ọ̀rọ̀ ẹnu wa padà, ọ̀rọ̀ ẹnu wa náà sì lè yí nǹkan padà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti dìde sọ̀rọ̀ láàárín ìlú rí, tí wọ́n sì gbọ́ yín? Ẹ wá sọ fún wa, etí mi wà níbí.