Baba Méjì, Àyè Kan

Ọmọ mi ọkùnrin gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà fún yunifásítì kan, ṣùgbọ́n kí ẹ tó bá mi yọ̀ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Àwọn yòókù ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sá, àwọn ni wọ́n ń kọlu ara wọn bí àgbò. Tèmi máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nínú aṣọ tó mọ́ tónítóní, títí wọn yóò fi pè é kó wá fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù gba àárín òpó méjì kọjá. Bó bá ti gbá a tán, ó ti ṣíwọ́ nìyẹn. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Missouri City, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, ni mo ti kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù gbígbá, nígbà tí mo rò pé Nàìjíríà ni yóò gbá a fún. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó sì ti rí egungun tó kán, fọwọ́ sí i nítorí pé nínú gbogbo wọn, ọmọ tiwa ni wọn kì í sábà ṣubú lù.

Ọdún tó lò kẹ́yìn nílé ìwé ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, tíìmù rẹ̀ wọ àṣekágbá líìgì wọn. Ká ní wọ́n borí ni, ọ̀rọ̀ ti parí, torí ẹni tó bá gba ife líìgì ńlá kì í bẹ ẹnikẹ́ni kó tó wọ ìdíje ìparí ọdún. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù nígbà tí wọ́n pè é jáde; bó bá gbá a wọlé, wọ́n borí nìyẹn. Bọ́ọ̀lù náà gbéra dáadáa, ìyàwó mi ti ń dìde níwájú tẹlifíṣọ̀n nílé, ló bá lọ lu òpó ọ̀tún, gbọ̀ọ̀, ó padà sínú pápá bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Wọ́n wá gbé kámẹ́rà lé ọmọ náà lójú, wọn ò gbé e kúrò.

Ìyàwó mi ní, "Ẹni tó di kámẹ́rà yẹn mú, ṣé kò bímọ ni?"

Nígbà tó pè wá lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. Òyìnbó ló máa ń sọ, Yorùbá rẹ̀ kò ju ti oúnjẹ àti ti ẹ̀bẹ̀ lọ. Ó ní, "Dádì, tí wọn ò bá mú wa lọ́la, èmi ni. Gbogbo ayé á mọ̀ pé èmi ni."

Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa méjèèjì mọ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ẹni tí yóò mú wọn. Ẹni tó bá dàgbà sídìí bọ́ọ̀lù tiwa á rò pé tábìlì ló ń yan tíìmù: ẹ ka àmì, ẹni tó bá ní púpọ̀ ló wà lókè. Níbí, àwọn ilé ìwé náà pọ̀ débi pé wọn ò lè bá ara wọn gbá a tán. Nítorí náà, wọ́n kó àwọn àgbàlagbà kan jọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ wò, kí wọ́n yan méjìlá. Àwọn kan gba ẹnu ọ̀nà wọlé nítorí pé wọ́n gba líìgì wọn. Àwọn tó kù, ọgbọ́n àwọn àgbà ni. Wọn a wo iye tí tíìmù pàdánù, wọn a wo ẹni tó nà án, wọn a wo ẹni tí òun náà nà, tí gbogbo ìyẹn bá wá dọ́gba, wọn a kàn wò ó lójú, bí ìyá ọkọ ṣe ń wo àfẹ́sọ́nà tó wá bá a fọ abọ́.

Kò yẹ kó ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ní ìlú tiwa, àwọn afọbajẹ náà wọ yàrá, wọ́n jáde, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti yanjú, a sì ti wà ní kóòtù láti ìgbà náà. Ti Amẹ́ríkà kàn ní àfikún kan: alága ìgbìmọ̀ máa ń bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n láti ṣàlàyé, lẹ́yìn àlàyé rẹ̀ ni èèyàn á wá rí i pé ohun tí òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ gan-an ti sọnù.

Nígbà tí Sátidé fi parí, àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ ní àyè kan ṣoṣo ló ṣì ṣí sílẹ̀. Tíìmù ọmọ mi ń wò ó. Tíìmù ọmọ ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà ń wò ó pẹ̀lú. Ẹnjiníà ni wọ́n, Clear Lake ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń rán ọkọ̀ lọ sí òfurufú, wọn kì í sì í jẹ́ kí a gbàgbé. Wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ náà. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n dá mi dúró níbi ìgbọ́kọ̀sí.

"Àbúrò, ẹ pàdánù ẹ̀ẹ̀kan, àwa pàdánù ẹ̀ẹ̀mejì, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹyọ kan kéré sí méjì. Mi ò lo kọ̀ǹpútà."

"O ò mọ nǹkan kan. Ta ló na tiyín? Àwọn tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Àwọn tó na tiwa, ògbólógbòó ni wọ́n! Àdánù tiwa níyì."

Mo ti gbé nílùú yìí pẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo gbọ́ pé ìyà máa ń níyì tó bá jẹ́ pé olówó ló fi jẹ ọ́. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ojú tó wú látọ̀dọ̀ ọlọ́lá kì í ro ni?" Wọ́n ní èmi kì í ṣe ọmọ sáyẹ́ǹsì. Òótọ́ ni. Fìlọ́sọ́fì ni mo kà, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìwé ìbánigbófò ni mò ń yẹ̀ wò báyìí.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé àsìkò ìwàásù gan-an ni wọ́n máa ń kéde orúkọ àwọn tíìmù náà. Pásítọ̀ wa mọ̀. Ó mọ̀ pé baba méjì wà níwájú òun, wọ́n sì jọ ń bọ́ àpótí ọrẹ dáadáa. Ó ní kí gbogbo ìjọ dìde.

"Baba, àyè kan ló kù. Ọmọ Yín méjì ló ń wò ó. Ẹ̀yin tí Ẹ fi búrẹ́dì díẹ̀ bọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, Ẹ mọ bí Ẹ ó ti ṣe é."

Àmín èmi ròkè. Àmín ẹ̀gbọ́n falẹ̀ díẹ̀, torí wọ́n ti ṣírò rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé àyè kan kò lè di méjì.

Sùúrù Jóòbù ni ìwàásù ọjọ́ náà dá lé. Pásítọ̀ ń ṣàlàyé bí àwọn màlúù ṣe lọ, bí àwọn ràkúnmí ṣe lọ. Ó dé ibi tí ìjì ti wó ilé lé àwọn ọmọ Jóòbù lórí, ni àga àwọn ọ̀dọ́ bá bú sáyọ̀: "Yeees!" Tíìmù kan tí wọ́n fẹ́ràn ti wọlé. Pásítọ̀ gbójú sókè. Ó wo gbogbo wa, Bíbélì tó ní iná fóònù lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ó pa tirẹ̀ dé.

"Ẹ gbé e síta ká jọ rí i. Jóòbù á dúró dè wá. Ó ti mọ́ ọn lára."

Ni wọ́n bá gbé e sójú aṣọ funfun tí a ti máa ń ka ọ̀rọ̀ orin. Wọ́n ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú bí ẹni tó ń wá iṣan tó fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Orúkọ kan kù. Wọ́n pè é. Kì í ṣe tiwa. Kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n. Ilé ìwé kan tí ẹnikẹ́ni nínú ṣọ́ọ̀ṣì náà kò gbàdúrà fún ló wọlé. Alága ìgbìmọ̀ fara hàn, ó ní àwọn wo gbogbo nǹkan lápapọ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde dúró, wọ́n tún jókòó.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ènìyàn tò wá kí wa. Yorùbá ní ìkíni fún gbogbo nǹkan, ṣùgbọ́n kò sí ti ẹni tí ìgbìmọ̀ kò yan ọmọ rẹ̀, kálukú wá ń yá èyí tó bá sún mọ́ ọn. "Ẹ kú ìrójú." "Ẹ kú àmúmọ́ra." Màmá àgbà kan tí kò gbọ́ ìdí ọ̀rọ̀ rí ojú ìyàwó mi, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, omi ti lé sí wọn lójú. "Ọlọ́run á fi èyí ṣe ìkẹyìn o. Á dá àwọn tó kù sí." Ìyàwó mi ní, "Àmín, mà." Kí ni kó tún sọ?

Èmi àti ẹ̀gbọ́n wá di ọ̀rẹ́ kíá, bí àwọn olùpẹ̀jọ́ méjì tí adájọ́ kan náà dá lẹ́bi. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni wọ́n kéde ohun tí wọ́n fi ń pẹ̀tù sí inú àwọn tí wọn kò mú: eré kan ṣoṣo kálukú, tí ilé-iṣẹ́ kan máa ń san owó rẹ̀, tí wọn a sì fi orúkọ ọjà wọn pè é. Tiwa jẹ́ ti àwọn tó ń ta táyà ọkọ̀. Ife rẹ̀ gan-an, táyà ni, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ góòlù.

Ẹ̀gbọ́n pariwo lórí fóònù, "Táyà! Kí wọ́n kọ̀ ọ́, àbúrò! Kí gbogbo wọn kọ̀ ọ́! Ọmọ èèyàn ni wọ́n!"

Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Kò pẹ́ ni ọmọ mi pè. Ó ní àwọn agbábọ́ọ̀lù fẹ́ dìbò lọ́jọ́ kejì bóyá àwọn á lọ tàbí àwọn ò ní lọ, pé ọ̀pọ̀ wọn ń bínú. Mo gbé ohùn sókè. Mo sọ̀rọ̀ nípa iyì. Mo ní ìran wa kì í jẹ àjẹkù. Mo mẹ́nu ba bàbá mi àgbà, tó kọ̀ láti gba ipò igbákejì nínú ìgbìmọ̀ ìlú, tó sì fi iyì kú sílé láìní ipò kankan. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Ọmọ náà jẹ́ kí n parí. Ó wá ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Tí a ò bá lọ, bọ́ọ̀lù tó lu òpó yẹn ni mo gbá kẹ́yìn láyé mi nìyẹn."

Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Dádì ti gbọ́," ló sọ fún un. Ó wá yíjú sí mi. "Ì báà jẹ́ eré ọṣẹ ìfọṣọ ni wọ́n pè é, ọmọ mi á gbá a. Ẹ lọ bá bàbá yín àgbà sọ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dìbò. Wọ́n ní àwọn á lọ. Ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún, kò sọ fún mi: gìrìpá tó máa ń ju bọ́ọ̀lù fún wọn ló dìde, ó ní òun alára kò fẹ́ ife táyà kankan, ṣùgbọ́n àwọn ò ní jẹ́ kí ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá a fún àwọn gbé òpó yẹn lọ sílé.

Tíìmù ọmọ ẹ̀gbọ́n kọ̀ tiwọn, nítorí iyì. Àwọn oníròyìn yìn wọ́n, wọ́n sì gbàgbé wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wálé, ó na gbalaja sórí àga, ó ń jẹ ìrẹsì. Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi pè mí.

"Àbúrò, ibi táyà yẹn, báwo ló ṣe jìnnà sí Houston tó?"

Ọkọ̀ méjì ni a gbé lọ. Ẹ̀gbọ́n ra fìlà aláwọ̀ tiwa níbẹ̀, wọ́n dé e, wọn ò sì wò mí lójú. Ìdajì àga pápá náà ṣófo. Ẹnì kan tó wọ aṣọ táyà ń jó káàkiri, kò sì rí iwájú rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n pe ọmọ mi jáde, ibi tó ti máa gbá a jìnnà ju ti ọjọ́ òpó lọ. Mo di ojú mi.

Mo gbọ́ bó ṣe gbá a.

"Ẹ la ojú yín," ìyàwó mi wí.

"Kọ́kọ́ sọ fún mi ná."

"Mi ò ní sọ. Ẹ là á."

Mo là á. Rẹfirí méjì wà lábẹ́ òpó, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè gbọnrangandan, bí wọ́n ṣe ń ṣe tí bọ́ọ̀lù bá gba àárín kọjá. Ẹ̀gbọ́n ti gbá mi mọ́ra látẹ̀yìn, wọ́n ń kígbe pé àwọn ti ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n pàdánù eré náà nígbẹ̀yìn, àwọn tó nà wọ́n ló gbé táyà lọ. Níbi ìgbọ́kọ̀sí, ọmọ náà jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ wa, ó ń jẹ ẹran díndín tí ìyá rẹ̀ gbé wá láti ilé. Ìyá rẹ̀ bi í bóyá inú ń bí i.

"Rárá, Mọ́mì," ló wí, ẹran kún ẹnu rẹ̀. "Ó wọlé."